Ọmọ Ta Ni, Lẹ́yìn Ìkọ̀sílẹ̀?

Ẹ̀yin ọmọ awo, ìbéèrè kan wà tó ń padà wá síwájú ọpọ́n wa ní Ìbàdàn: ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kọ ara wọn sílẹ̀, ọ̀dọ̀ ta ni yóò gbé, ta ni yóò sì kọ́ ọ ní èèwọ̀ ilé rẹ̀?

Samuel Johnson sọ nínú ìwé ìtàn rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, pé ìkọ̀sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n láàárín Yorùbá àtijọ́ débi pé bí ẹni pé kò sí ni. Mo gbà, àmọ́ kì í ṣe pé obìnrin kì í kó jáde. Bí kò bá sí dálémoṣú rí, a kì bá ní orúkọ fún un. Nínú àwọn agbo ilé Bẹẹrẹ, Ọjà'ba àti Bẹ́yẹrúnká, ọmọ ọmú a tẹ̀lé ìyá rẹ̀. Bí wọ́n bá ti já a lẹ́nu ọmú tán, bàbá á ní kí ìyá òun tàbí àbúrò òun obìnrin lọ gbà á wá. Ilé bàbá ni orúkọ wà, ibẹ̀ ni oríkì, ilẹ̀ àti èèwọ̀ wà. Ṣùgbọ́n wọn kì í ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìyá. Bí ara ọmọ kò bá yá, wọ́n á ránṣẹ́ pè é. Bí ilé ìyá bá ń ṣọdún, ọmọ á lọ. Ẹnikẹ́ni kò kọ èyí sínú ìwé. Àwọn àgbà ilé méjèèjì ló ń bójú tó o.

Lẹ́yìn àdéhùn 1893, àjẹ́lẹ̀ Òyìnbó dé. Ní 1901, rélùwéè dé. Nígbà tí kóòtù ìbílẹ̀ fìdí múlẹ̀, obìnrin tó bá dá owó ìdáàná padà ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ (ọkùnrin tuntun ló sábà máa ń san án, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa). Akọ̀wé á ka owó, á kọ ọ́ sílẹ̀, ó parí. Ọmọ á wà nílé bàbá. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́: kóòtù tú tọkọtaya ká, kò béèrè ẹni tí yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀ láàárín ilé méjèèjì.

Wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Màpó ní 1929. Òfin Kóòtù Ìbílẹ̀ ti Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí wọ́n ṣe ní 1957, ló wá fi ire ọmọ ṣíwájú ohun gbogbo. Òyó náà ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ní 2006. Lónìí, ní kóòtù Màpó, adájọ́ sábà máa ń fi ọmọ kékeré lé ìyá lọ́wọ́, wọ́n á sì bu owó oúnjẹ àti ti ilé ìwé lé bàbá lórí. Ó dára. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìbá ti jìyà. Àmọ́ ìwé ìdájọ́ kì í mẹ́nu kan èèwọ̀.

Obìnrin kan mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún méjìlá, wá sọ́dọ̀ mi. Ifá ní kí ọmọ náà pa èèwọ̀ ilé bàbá rẹ̀ mọ́. Mo ní, "Kí ni wọn kì í jẹ nílé yín?" Ọmọ wo ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ wo ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ilé bàbá kò ju ìrìn díẹ̀ lọ. Mo ní kó lọ pè é. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè fojú kan ọkùnrin yẹn."

Mo rán ọmọ awo mi. Bàbá kò wá. Ìyá bàbá ló wá, tòun tọ̀pá. Kò tíì jókòó tó fi gbé ọwọ́ lé orí ọmọ tó ń ki í. Lẹ́yìn náà ló ka èèwọ̀ wọn fún un lẹ́yọ lẹ́yọ. Òun àti ìyàwó àtijọ́ náà kò kí ara wọn láti ọdún mẹ́sàn-án. Ẹní kan ni mo tẹ́ fún wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dìde, ìyá ọmọ ní, "Ìyá, ó lè máa wá sùn lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ Ẹtì, àmọ́ ẹ jẹ́ kó tètè padà lọ́jọ́ Àìkú, nítorí ilé ìwé."