"Ka" àwọn ará Jàpáànù, "àbí" tiwa, àti ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò bi Ìmẹ̀kọ

1/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wo anime, ẹ ti gbọ́ "ka" títí, àbí? Ọ̀rọ̀ kékeré ni, àmọ́ iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. "Kōhī ka ocha": kọfí tàbí tíì. Tó bá wá dúró níparí gbólóhùn, á sọ ọ́ di ìbéèrè. "Ocha desu ka?" Ṣé tíì ni?

2/ Kò yẹ kíyẹn ya ọmọ Yewa lẹ́nu. "Àbí" tiwa náà nìyẹn. "Ẹ̀bà àbí láfún?" Ẹ mú ọ̀kan. "O ti jẹun, àbí?" Ẹ dáhùn. "Àbí o ò gbọ́ ni?" Ìyẹn ti fẹ́ dìjà 😂

3/ Èdè wa àti tiwọn ò bára tan rárá. Àmọ́ ẹni tó bá gbé nǹkan méjì síwájú ẹ pé kó o mú ọ̀kan, ó ti bi ọ́ ní ìbéèrè nìyẹn.

4/ Látinú Bíbélì Yorùbá tó jáde lódindi ní 1884 títí dé ìwé ìdánwò wa, "tàbí" ni wọ́n ń kọ. "Àbí" dúró sẹ́nu. Ẹnu yẹn náà ló gbé e wọ Pidgin, tí Oxford English Dictionary fi gbà á sílé.

5/ Ibi tó ti dùn mí rèé. Ìmẹ̀kọ wà lábẹ́ Alákétu láyé àtijọ́. Dahomey fọ́ Kétu ní 1886, wọ́n kó èèyàn lẹ́rú. Ní August 10, 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní Paris, wọ́n fa ààlà. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ àti Ìlaròó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ta ló bi àwọn baba wa pé, "Gẹ̀ẹ́sì àbí Faransé?" Kò sí.

6/ Bí ọmọ ìyá ṣe di ará ìlú méjì nìyẹn. Ọmọ Kétu ń kọ́ "ou" nílé ìwé, ọmọ Ìmẹ̀kọ ń kọ́ "or". Tí wọ́n bá pàdé lọ́jà, Yorùbá ni wọ́n fi ń nájà.

7/ Torí náà, ẹni tó bá ní "àbí" ò bójú mu, ẹ má dá a lóhùn jàre. Wọ́n yàn fún wa nígbà kan láìbéèrè. Ọ̀rọ̀ tá a fi ń béèrè, a ò ní jẹ́ kó sọnù.

Ẹ̀yin ará Kétu, Ìmẹ̀kọ, Ayétòrò, Ìlaròó: kí lẹ máa ń sọ nílé, "àbí" tàbí "tàbí"? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ 👇🏾