Ìṣáì Níbi Tí Ilẹ̀ Kì Í Ṣú Tán

Ní Blackley, àdúgbò kan ní àríwá Manchester tí ilé iṣẹ́ aró Levinstein sọ di olókìkí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, oòrùn oṣù Kẹfà kì í wọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́. Kó tó di aago márùn-ún ìdájí, ó ti yọ padà. Láti nǹkan bí àárín oṣù Karùn-ún títí di ìparí oṣù Keje, ìmọ́lẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kan kì í kúrò lójú sánmà mọ́jú. Fún Mùsùlùmí tó wá láti Ìbàdàn tàbí Èkó, níbi tí ọ̀sán àti òru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba yíká ọdún, ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Ìṣáì, ìrun alẹ́, ń dúró de kí ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ parẹ́. Sààrì, oúnjẹ ìdájí aláàwẹ̀, gbọ́dọ̀ parí kí àfẹ̀mọ́júmọ́ tó là. Bí ìrọ̀lẹ́ àti àfẹ̀mọ́júmọ́ bá wá dìmọ́ra wọn ńkọ́?

Àríyànjiyàn yìí ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Ní 922, Ahmad ibn Fadlan, ìránṣẹ́ Kálífà Baghdad, dé Bulghar lẹ́bàá odò Volga, ibi tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju Manchester lọ sí àríwá. Òun àti aránṣọ ọba, ọmọ Baghdad bíi tirẹ̀, jókòó nínú àgọ́, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, wọ́n ń retí ìpè Ìṣáì. Nígbà tí ìpè dún tí wọ́n bọ́ síta, ilẹ̀ ti ń mọ́. Àsùbáà ni ládàánì ń pè. Ìṣáì dà? Ó ní Màgàríbà làwọn ń kí i pọ̀ mọ́. Ó tún ní ó tó oṣù kan tí òun kò ti sùn lóru, kí Àsùbáà má baà bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ibn Fadlan kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tó bá gbé ìkòkò kaná ní Màgàríbà á kírun Àsùbáà kí ohun inú rẹ̀ tó jinná.

Oṣù kan láìsùn! Ìfẹ́ ìjọsìn ga, ṣùgbọ́n ara kì í ṣe irin.

Àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù tó ń tẹ̀lé ìlànà Hanafi fa ọ̀rọ̀ Ìṣáì yìí gan-an. Al-Baqqali ti Khwarazm ní níbi tí àkókò Ìṣáì kò bá ti wọlé, ìrun náà kò di dandan. Wọ́n ní àgbà onímọ̀ kan rán èèyàn lọ dán an wò: ẹni tó bá yọ ọ̀kan kúrò nínú ìrun márùn-ún, ṣé kò ti di kèfèrí? Al-Baqqali fi ìbéèrè fèsì: ẹni tí wọ́n ti gé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ẹ̀yà mélòó ni àlùwàlá ṣì kàn? Mẹ́ta ni, nítorí ìkẹrin kò sí níbẹ̀ mọ́. Èsì yẹn tẹ́ àgbà náà lọ́rùn. Kò tẹ́ Ibn al-Humam ti Íjíbítì lọ́rùn: apá tí kò sí, ó ní, yàtọ̀ sí àmì tí kò hàn. Ní 1870, Shihabuddin Marjani ti Kazan kọ odindi ìwé pé Ìṣáì ṣì di dandan. Ká sòótọ́, èsì Al-Baqqali ló dùn létí jù, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá yọ̀ǹda Ìṣáì fún nítorí òru kúkúrú kò ní pẹ́ béèrè ìyọ̀ǹda ààwẹ̀ nítorí ọ̀sán gígùn.

Ààwẹ̀ ọ̀hún kúkú gùn. Ní Ramadan 2016, tó bọ́ sí oṣù Kẹfà, ààwẹ̀ Manchester gba wákàtí méjìdínlógún ó lé. Ti Èkó kò ju bíi mẹ́rìnlá. Kò sì sí ọmọ oníwéré, irú àwọn tí Sikiru Ayinde Barrister ti ara wọn jáde kó tó dá fújì sílẹ̀, tí yóò lulù jí ará Blackley fún sààrì. Fóònù ló ń jí wọn.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ àti agbára ara kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: Abdullah ọmọ Amr, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, fẹ́ máa gba ààwẹ̀ lójoojúmọ́. Ànábì ní kó gba ọjọ́ mẹ́ta lóṣù. Ó ní òun lágbára jù bẹ́ẹ̀. Wọ́n dúnàádúrà títí dórí ààwẹ̀ Ànábì Dáwúùdù, gba lónìí, jẹun lọ́la, Ànábì sì ní kò sí èyí tó ju ìyẹn lọ. Nígbà tí ọjọ́ ogbó dé, Abdullah ní ì bá dára ká ní òun ti gba mẹ́ta yẹn. Síbẹ̀ kò jáwọ́. A máa jẹun fún ọjọ́ bíi mélòó kan léraléra kí agbára lè padà, a sì máa ka iye ọjọ́ náà, kó lè san án.

Lórí Ìṣáì ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn mọ́ṣáláṣí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tíì fohùn ṣọ̀kan. Àwọn kan pín òru sí méje láti fi wá àkókò Ìṣáì àti Àsùbáà. Àwọn kan ń kí Ìṣáì pọ̀ mọ́ Màgàríbà, bíi ti Bulghar. Nígbà òtútù, ọ̀rọ̀ á yí padà: ní 2030, Ramadan máa wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ní oṣù Kìíní àti ní ìparí oṣù Kejìlá. Ìṣínu Blackley á wá bọ́ sí nǹkan bí aago mẹ́rin ọ̀sán, Ayílà, Alásàrì àti Màgàríbà á sì dé bá òṣìṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kan náà.