A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí

Àwọn baba wa a máa pa á lówe pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ọmọdé tí ó bá ti jókòó níwájú onígbàjámọ̀ rí mọ ìtumọ̀ òwe náà. Bí abẹ tilẹ̀ mú, bí onígbàjámọ̀ tilẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì, olórí ni yóò gbé orí rẹ̀ wá, òun náà ni yóò sì sọ bí ó ti fẹ́ kí a fá a. Ìwọ òǹkàwé, mú òwe yìí lọ́wọ́ bí fìtílà, kí a jọ fi wo ìtàn ilẹ̀ kan tí ó wà láàrin òkun àti ọ̀sà ní Ìpínlẹ̀ Èkó: ilẹ̀ tí ó ti ẹ̀bá Victoria Island lọ, tí ó gba Lekki àti Ajah kọjá, títí dé agbègbè Ìbẹ̀jú.

Láyé àtijọ́, ẹja pípa, àgbọn àti ẹ̀gẹ́ ni a mọ àwọn ará ibẹ̀ mọ́. Nígbà tí Èkó kún àkúnya, ìlú ńlá náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lọ sí ìhà ìlà-oòrùn. Ta ni yóò sọ pé kí ìlú má dàgbà? Títì dára, ilé-iṣẹ́ dára, èbúté náà sì dára. Ohun tí ó yẹ kí a bèèrè ni pé, àwọn wo ni a fi ọ̀rọ̀ lọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀?

Kọ́kọ́ wo Maroko. Ìlú àwọn tálákà àti òṣìṣẹ́ ni, lẹ́bàá Victoria Island, a sì fojú bù ú pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni ó ń gbé ibẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó, tí Raji Rasaki jẹ́ gómìnà rẹ̀, pàṣẹ pé kí gbogbo wọn kó jáde láàrin ọjọ́ méje. Ìjọba ní ibẹ̀ kò mọ́, àti pé ilẹ̀ náà rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí omi òkun lè bò ó. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, katakata dé pẹ̀lú àwọn agbófinró, ilé sì ń wó lulẹ̀. A fún àwọn díẹ̀ ní ilé ní Ilasan àti Ikota; ọ̀pọ̀ jù lọ kò rí ibi forí lé. Bí ìdí tí ìjọba sọ bá tilẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣé ọjọ́ méje tó fún bàbá ọlọ́mọ márùn-ún láti wá ilé, láti wá ilé-ìwé, kí ó sì tún wá iṣẹ́?

Kí ni ó fa irú aáwọ̀ bẹ́ẹ̀? Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, kí ó máa ṣe ìtọ́jú rẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ènìyàn. Gómìnà lè gba ilẹ̀ bí ire gbogbo ìlú bá béèrè bẹ́ẹ̀, owó gbà-má-bínú tí òfin là sílẹ̀ sì dá lórí ilé, irè oko àti iṣẹ́ mìíràn tí a ti ṣe sórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú Yorùbá, ilẹ̀ jẹ́ ogún ẹbí, ti òkú, ti alààyè àti ti ọmọ tí a kò tíì bí. Nítorí náà, nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ń ka igi àgbọn, baálẹ̀ abúlé ń ka ibojì àwọn baba rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń ṣírò, ṣùgbọ́n ìṣirò wọn kò pàdé. Àfi bí wọ́n bá jókòó sọ̀rọ̀ ni ẹnì kíní yóò fi mọ ohun tí ẹnì kejì ń kà.

Ọ̀rọ̀ sísọ ní àsìkò tirẹ̀. Ní ọdún 2006, lábẹ́ ìjọba alágbádá, Ìpínlẹ̀ Èkó bá ilé-iṣẹ́ kan, tí a ń pè ní LCC, ṣe àdéhùn ọgbọ̀n ọdún láti tún ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ ṣe, kí ó sì máa gba owó ibodè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀. Nígbà tí gbígba owó náà kù sí dẹ̀dẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2011, àwọn olùgbé fárígá. Wọ́n ní iṣẹ́ kò tíì parí, àti pé ẹni tí kò lówó kò ní ọ̀nà mìíràn tí yóò gbà. Ìjọba sún gbígba owó náà síwájú, ìpàdé sì wáyé. Síbẹ̀ ohùn kò ṣọ̀kan. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún náà, ọlọ́pàá fi tajútajú tú àwọn tí ń fẹ̀hónú hàn ká; ní ọjọ́ kejì, gbígba owó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 2013, ìjọba ra àdéhùn náà padà. Télọ̀ tí ó bá gé aṣọ tán kí ó tó wọn ẹni tí yóò wọ̀ ọ́, àtúnṣe ni yóò máa ṣe.

Wàyí o, má ṣe rò pé ìbuwọ́lùwé ni òpin ọ̀ràn. Ní Ìbẹ̀jú-Lekki, níbi tí ìjọba ti yan ilẹ̀ fún ìsọ̀rí ilé-iṣẹ́ ńláńlá, àwọn aṣojú ìlú bá ìjọba tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní ọdún 2007, lórí owó gbà-má-bínú, ibùgbé tuntun àti iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́. Ohun tí ó yẹ kí a ṣe ni wọ́n ṣe yìí. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn ará abúlé ń ráhùn pé ìlérí kò ṣẹ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015, ìbínú bú jáde, wọ́n sì pa Tajudeen Disu, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tí ń bójú tó iṣẹ́ náà, nínú rògbòdìyàn. Kí ni ikú rẹ̀ dá padà fún ẹnikẹ́ni? Kò dá ilẹ̀ padà, kò san gbèsè. Ẹkún ni ó bí. Ẹni tí ó bá kọ̀ láti mú ìlérí ṣẹ ń kó epo jọ. Ẹni tí ó bá gbé ohun ìjà ni ó ṣá iná sí i.

Ọ̀nà mìíràn wà. Láti ọdún 1999 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní ibùdó ìlàjà tí ará ìlú lè lọ láìsan owó, ní ọdún 2002 sì ni ilé-ẹjọ́ aláìnílò-ìjà tí a ń pè ní Lagos Multi-Door Courthouse bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Adájọ́ a máa wí pé, “Ìwọ jàre, ìwọ jẹ̀bi.” Onílàjà a máa bèèrè pé, “Kí ni ẹ̀yin méjèèjì lè jọ fara mọ́?” Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí wa, nítorí àwọn àgbà wa mọ̀ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Nítorí náà, di ẹ̀kọ́ mẹ́ta mú. Èkíní, pe gbogbo àwọn tí ọ̀ràn kàn kí katakata tó dé, àti ayálégbé, àti obìnrin tí ń yan ẹja, kì í ṣe ọba àti ìjòyè nìkan. Èkejì, kọ ohun tí ẹ bá fi ohùn ṣọ̀kan lé lórí sílẹ̀, ní èdè tí gbogbo wọn gbọ́. Ẹ̀kẹta, padà wá lọ́dọọdún láti yẹ ìlérí wò.

Lára ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí ni ẹnjiníà yóò ti jáde, ni agbẹjọ́rò, ni baálẹ̀ àti gómìnà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì yín, nígbà tí ìjà bá dé lórí pápá tàbí lórí iṣẹ́ ìmọ́tótó. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.