Wọ́ọ̀dù Gúúsù ní Ìlú Derry: Ìtàn Ààlà Kan àti Àwọn Ilé Inú Rẹ̀

Láti ọdún 1936 títí di ọdún 1969, wọ́ọ̀dù mẹ́ta ni wọ́n pín ìlú Derry ní Àríwá Áílándì sí, ìlú tí àwọn mìíràn ń pè ní Londonderry, kí àwọn ará ìlú lè máa dìbò yan àwọn kánsẹ́lọ̀ sínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso wọn láti inú gbọ̀ngàn Guildhall. Wọ́ọ̀dù Àríwá àti Wọ́ọ̀dù Gúúsù wà ní ìwọ̀-oòrùn Odò Foyle, Waterside sì wà ní òdìkejì odò. Wọ́ọ̀dù Gúúsù, tó kó Bogside, Brandywell àti òkè Creggan mọ́ra, ló yẹ kí òpìtàn tọpinpin jù lọ, nítorí pé orí ìwé ni wọ́n ti fa ààlà rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé kíkọ́ àti ilé pínpín ni wọ́n fi ṣọ́ ààlà ọ̀hún fún ọgbọ̀n ọdún ó lé.

Ní Àríwá Áílándì ayé ìgbà náà, ẹ̀sìn àti òṣèlú kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ló ń dìbò fún àwọn Unionist, ìyẹn àwọn tó fẹ́ kí ilẹ̀ náà wà pẹ̀lú Britain títí lọ, nígbà tí púpọ̀ jù lọ nínú àwọn Kátólíìkì wà lẹ́yìn àwọn Nationalist, tí wọ́n fẹ́ kí gbogbo Áílándì di ọ̀kan. Ní ọdún 1920, wọ́n lo ètò ìdìbò kan nínú èyí tí olùdìbò máa ń to orúkọ àwọn olùdíje bó ṣe fẹ́ wọn sí, tí iye ìjókòó ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń sún mọ́ iye ìbò tó ní. Ètò yìí ló gbé Hugh O'Doherty dé ipò méyọ̀, Kátólíìkì àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀ lẹ́yìn ohun tó lé ní igba ọdún. Kò pẹ́ rárá tí ilẹ̀kùn fi tì padà, nítorí pé ìjọba tuntun ní Belfast fagi lé ètò ọ̀hún ní ọdún 1922, àwọn Unionist sì gba ìlú padà nínú ìbò ọdún 1923. Àmọ́ àwọn Kátólíìkì ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, nígbà tó sì di ọdún 1936, wọ́n tún ààlà fà, wọ́n sọ wọ́ọ̀dù márùn-ún di mẹ́ta, bí àwọn Nationalist tilẹ̀ fi ohùn rara tako o.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ Cameron láti Scotland ṣe alága rẹ̀ gbé ohun tí pínpín yìí bí síta ní ọdún 1969. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ọdún 1967 tí wọ́n tẹ̀ jáde, Wọ́ọ̀dù Gúúsù ní olùdìbò Kátólíìkì 10,047 àti àwọn mìíràn 1,138, ìjókòó mẹ́jọ ló sì tọ́ sí i. Wọ́ọ̀dù Àríwá ní Kátólíìkì 2,530 àti àwọn mìíràn 3,946, òun náà ní ìjókòó mẹ́jọ. Waterside ní Kátólíìkì 1,852 àti àwọn mìíràn 3,697, pẹ̀lú ìjókòó mẹ́rin. Olùdìbò Kátólíìkì 14,429 nínú gbogbo ìlú wá rí ìjókòó mẹ́jọ gbà, nígbà tí àwọn 8,781 yòókù gba méjìlá. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń tẹnu mọ́ ọn pé ìbò Wọ́ọ̀dù Àríwá wúwo ju ti Gúúsù lọ, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n Waterside fúnra rẹ̀ ní nǹkan bí olùdìbò 1,387 fún ìjókòó kan, iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti Gúúsù mu. Ibi tí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ náà ti jinlẹ̀ jù ni pé wọ́n rọ́ àwọn Kátólíìkì jọ sójú kan, kí ìbò wọn lè jẹ́ àṣerégèé níbẹ̀, kí ó sì kéré níbi méjì yòókù.

Àṣeyọrí irú ètò bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ ibi tí èèyàn ń sùn. Òfin ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní Àríwá Áílándì kò fún gbogbo àgbàlagbà ní ẹ̀tọ́. Ẹni tó ni ilé tàbí tó háyà odidi ilé, tó sì ń san owó-orí ilé, àti ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀, nìkan ló lè dìbò, àwọn ilé-iṣẹ́ sì lè ní tó ìbò mẹ́fà. Àwọn tọkọtaya ọ̀dọ́ tí wọ́n ń gbé nínú yàrá kan ní ilé òbí wọn kò ní ìbò kankan. Ọjọ́ tí wọ́n bá gba kọ́kọ́rọ́ ilé ìjọba ni ìbò méjì bọ́ sọ́wọ́ wọn. Kò sí bí a ó ṣe gbà pé àwọn tó ń pín ilé kò mọ èyí. Bí wọ́n bá fún ìdílé Kátólíìkì ní ilé ní Wọ́ọ̀dù Àríwá, ìbò méjì ti kún ọwọ́ alátakò níbi tí ó ti lè yí nǹkan padà, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ní Gúúsù ni, kò pa wọ́n lára rárá.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ ilé tó pọ̀ sórí òkè Creggan lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àti ìdí tó fi jẹ́ pé, nígbà tí ilẹ̀ tán nínú wọ́ọ̀dù náà, òkè ni wọ́n gbà: ilé gogoro mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Rossville Flats dìde ní Bogside ní àárín ọdún 1960 sí 1969. Àwọn tó ń dúró de ilé kò dín kù síbẹ̀. Ìyà yìí, tó kan ẹni tí kò bìkítà fún òṣèlú pàápàá, ló sọ ọ̀rọ̀ ààlà wọ́ọ̀dù di ọ̀rọ̀ gbogbo ilé.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 1968, àwọn afẹ̀hónúhàn kóra jọ ní Duke Street ní Waterside láti wọ́de lọ sí àárín ìlú, bí ìjọba tilẹ̀ fòfin dè é, àwọn ọlọ́pàá sì fi kóńdó lù wọ́n lójú kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n. Kí oṣù Kọkànlá tó parí, olórí ìjọba, Terence O'Neill, kéde pé ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn ni yóò rọ́pò ìgbìmọ̀ kánsẹ́lọ̀ náà. Ní ọdún 1969, wọ́ọ̀dù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kógbá sílé, òfin tuntun sì fún gbogbo àgbàlagbà ní ìbò. Ní ọdún 1971, wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ tó gba ilé kíkọ́ àti ilé pínpín kúrò lọ́wọ́ àwọn kánsẹ́lọ̀ jákèjádò Àríwá Áílándì. Nígbà tí ìlú tún dìbò ní oṣù Karùn-ún ọdún 1973, ètò tí wọ́n fagi lé ní 1922 ni wọ́n mú padà, ìjókòó 27 ló sì wà nínú ìgbìmọ̀ tuntun náà, tó yan Raymond McClean, ọ̀kan nínú àwọn Nationalist, sípò méyọ̀.