Bí Ètò Kọ̀ǹpútà Ṣe Wọ Inú Kọ̀ǹténà

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tó bá ti gba ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ fún iṣẹ́ ìwádìí rí yóò mọ ohun tí ojú ń rí. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bá ọ̀kan jìjàkadì lọ́dún tó kọjá. Lórí ẹ̀rọ ẹni tó kọ ọ́, ó ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́; lórí tèmi, ó kọ̀ jálẹ̀.

Èròjà ọbẹ̀ ni wọ́n máa ń kó lé wa lọ́wọ́, kí kálukú lọ sè é nílé rẹ̀. Bí ìkòkò wa kò bá rí bíi tiwọn, ọbẹ̀ bàjẹ́.

Ọgbọ́n àtiyanjú rẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1979, Unix ní àṣẹ kan, chroot, tó lè há ètò mọ́ yàrá tirẹ̀. Ní 2000, FreeBSD mọ odi yí yàrá náà ká. LXC gbé irú rẹ̀ dé orí Linux ní 2008, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀jáfáfá nìkan ló rí i lò.

Ní oṣù Kẹta 2013, ní Santa Clara ní Kalifọ́níà, Solomon Hykes fi ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣe àfihàn Docker. Yàrá kọ́ ni tuntun níbẹ̀, ẹrù dídì ni. Ètò náà, gbogbo ohun tó gbára lé, àti ìlànà ìṣiṣẹ́ rẹ̀ wọ inú ẹrù kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní àwòrán. Ìpele ìpele ni wọ́n dì í. Ìpele tó bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ kò ní tún un gbà. Ọbẹ̀ dé pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀. Iná nìkan, ìyẹn ọkàn Linux fúnra rẹ̀, ni onílé ń pèsè.

Ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́kọ̀ òkun ni wọ́n ti yá orúkọ náà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin 1956, ọkọ̀ Ideal X ti Malcom McLean gbé kọ̀ǹténà 58 láti Newark lọ sí Houston. Ẹni tó bá mọ Àpápá kò nílò àlàyé.

Ní 2015, àwọn ilé iṣẹ́ para pọ̀ láti fẹnu kò lórí bí àwòrán yóò ṣe rí, kí ẹnikẹ́ni má baà dá a ní. Àǹfààní rẹ̀ hàn ní 2020, nígbà tí Docker Hub fi ààlà sí iye tí ènìyàn lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́: ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá 100 ní wákàtí mẹ́fà. Ẹni tó fẹ́ lè gbé ẹrù rẹ̀ lọ sí ilé ìkẹ́rùsí mìíràn láì tún un dì.

Ohun kan ló ń kọ mí lóminú. Àwọn kan ń fún wa ní ìkòkò tí a dé pa, láìfi èròjà hàn wá. Èmi máa ń kọ́kọ́ béèrè ìwé tí wọ́n fi sè é.