Ìṣọ́lò àti Ìyípo: Èrò Ọrọ̀-Ajé Nínú Onírúurú Ẹ̀ka Ìmọ̀ àti Ẹ̀rí Láti Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ẹ̀ka ìmọ̀ tó ń lo èrò ọrọ̀-ajé lóde òní pọ̀ ju èyí tó ń jẹ́ orúkọ náà lọ. Onímọ̀ èdè ń lò ó láti ṣàlàyé ìdí tí ọ̀rọ̀ fi ń kúrú lẹ́nu. Onímọ̀ nípa igbó ń lò ó fún bí oúnjẹ ṣe ń ti ara ewé bọ́ sí ara kòkòrò, tó tún ń padà sínú ilẹ̀. Onítàn, onímọ̀ àṣà àti onímọ̀ nípa ojú ilẹ̀ kò sì yé lò ó. Láti ìgbà tí Lionel Robbins ti tẹ ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1932 ni àlàyé kan ti borí: pé ọrọ̀-ajé kò ju bí ẹ̀dá ṣe ń fi ìwọ̀nba ohun tó wà lọ́wọ́ wá ohun púpọ̀ tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́. Àlàyé náà rọrùn, ó ṣeé gbé kiri, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìmọ̀ fi yá a lò. Ohun tó yẹ ní yíyẹ̀wò ni àbùkù tó wà nídìí rẹ̀: ó fi ìṣọ́lò, ìyẹn fífi ìṣọ́ra lo ìwọ̀nba ohun tó wà, dípò odindi ọrọ̀-ajé, ó sì fi ìyípo sílẹ̀, ìyẹn bí nǹkan ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn tó tún ń padà.

Ibi tí àbùkù yìí ti hàn jù lọ ni àpilẹ̀kọ tí Clifford Geertz, onímọ̀ àṣà ọmọ Amẹ́ríkà, kọ lọ́dún 1962 lẹ́yìn ìwádìí rẹ̀ ní Java. Ó to àwọn ẹgbẹ́ tí ń dáwó yípo ní Éṣíà àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀, èsúsú Yorùbá sì bọ́ sínú irú wọn. Ó pè wọ́n ní àtẹ̀gùn àárín: ibi tí àgbẹ̀ ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di oníṣòwò, tí kò sì ní wúlò mọ́ bí báńkì bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó pẹ́ tí Shirley Ardener ti ta ko apá kan nínú ọ̀rọ̀ yìí, lọ́dún 1964. Síbẹ̀ ó ṣì ń jáde nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti nínú ètò ìjọba, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó fèsì.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kò lè gbe èrò Geertz yìí lẹ́yìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni Duarte Pacheco Pereira, ará Potogí, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlú ńlá kan tí yàrà yí ká wà lẹ́yìn ọ̀sà, tí wọ́n ń fi ẹrú àti eyín erin gba ẹ̀gbà idẹ níbẹ̀. Aṣọ Ìjẹ̀bú dé Brasil. Ohun tó sì fa ogun Ìmàgbọn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà ní oṣù karùn-ún ọdún 1892 ni pé Ìjẹ̀bú di ojú ọ̀nà tó so Èkó mọ́ ilẹ̀ òkè mú. Àwọn ni alágbàtà, wọn kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn kọjá lórí wọn. Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ lọ́dún 1897, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 1921 ló tó jáde. Èsúsú wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà tó ti wà nílẹ̀. Nígbà tó ń kọ ọ́, báńkì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó ni. Àwọn tó ti ń ṣòwò fún ọ̀rúndún mélòó kan kò nílò àtẹ̀gùn tí yóò gbé wọn dé ibi tí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀.

Kí àríyànjiyàn yìí tó lè yanjú, a ní láti ya ohun méjì tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń dà pọ̀ sọ́tọ̀: èsúsú àti àjọ. Kì í ṣe ìyàtọ̀ orúkọ. Iṣẹ́ wọn ló yàtọ̀.

Nínú àjọ, alájọ ló ń ká ìsọ̀ kiri. Káàdì kan wà lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀, ojú kọ̀ọ̀kan wà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú oṣù, alájọ sì ń fàlà sí i bó ṣe ń gba owó. Iye kan náà ni oníbàárà ń dá lójoojúmọ́. Bí oṣù bá parí, ó gba owó rẹ̀ padà, àyàfi ti ọjọ́ kan tó jẹ́ ti alájọ. Ká sọ pé ìyá tó ń ta ata ní Ìjẹ̀bú-Igbó ń dá ₦500 lójúmọ́: nínú oṣù ọlọ́jọ́ 31, ₦15,500 ni yóò dá, ₦15,000 ni yóò sì gbà. Owó náà kò bímọ, ńṣe ló dín. Onímọ̀ ọrọ̀-ajé lè sọ pé kò bọ́gbọ́n mu kí ènìyàn máa sanwó kí wọ́n lè bá a pa owó ara rẹ̀ mọ́. Ìyá aláta mọ ìdí: ọwọ́ ọmọ, ọwọ́ ẹbí àti ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ kò lè tó owó tó wà lọ́wọ́ alájọ. Ìṣọ́lò pọ́ńbélé nìyí, àlàyé Robbins sì tó o. Àárín ènìyàn méjì ni ọ̀rọ̀ náà mọ. Àwọn oníbàárà alájọ kan náà kò ní láti mọ ara wọn, ẹnì kankan nínú wọn kò sì jẹ ẹnì kejì ní gbèsè.

Èsúsú kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ká ní obìnrin mẹ́wàá ń dá ₦5,000 lọ́sẹ̀. ₦50,000 ni ẹni tó bá kàn ń kó. Ẹni tó kọ́kọ́ kó o ti jẹ àwọn mẹ́sàn-án yòókù ní ₦45,000 lọ́jọ́ náà. Ẹni tó kẹ́yìn ti yá gbogbo wọn lówó kó tó kan an. Ẹni kẹfà ti yá àwọn márùn-ún tó ṣáájú ní ₦25,000. Bó ti kó tirẹ̀ tán, òun náà di ajigbèsè ₦20,000 fún àwọn mẹ́rin tó kù. Olówó di onígbèsè láàárín ìṣẹ́jú kan, kò sì sí ẹni tó yí ibùjókòó padà. Pàtàkì rẹ̀ ni pé èsúsú kì í sùn sí àpótí: bí wọ́n ti ń dá a ni ẹnì kan ń kó o lọ. A kò lè sọ pé owó tí a kò tọ́jú sí ibì kankan ni a ń fi pamọ́. Ohun tí a ń ṣe ni pé a ń mú un yí.

Ọ̀nà tí méjèèjì fi ń bàjẹ́ tún fi ìyàtọ̀ náà hàn. Bí alájọ bá sálọ, gbogbo oníbàárà ló pàdánù lọ́jọ́ kan náà, olúkúlùkù ní iye tirẹ̀. Bí ẹni tó ti kó èsúsú bá kọ̀ láti máa dá, àwọn tí kò tíì kó nìkan ni ìyà rẹ̀ lè jẹ, wọn a sì kọjú sí olórí. William Bascom, tó ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1937 sí 1938, tó sì tẹ àpilẹ̀kọ rẹ̀ jáde lọ́dún 1952, ṣàpèjúwe èsúsú ńlá tí a pín sí ọ̀nà ọ̀nà, tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì ní olórí tirẹ̀. Olórí ọ̀nà ló mọ àwọn ènìyàn rẹ̀, òun ló ń gba owó lọ́wọ́ wọn. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ti kọjá ohun tí a lè fi ọgbọ́n ẹnì kan ṣàlàyé.

Nínú àpilẹ̀kọ wọn ti 1993, Timothy Besley, Stephen Coate àti Glenn Loury ṣe ìṣirò tó wúlò. Ká fi iye tiwa sọ ọ́: ẹni tó bá ń dá ₦5,000 nìkan lọ́sẹ̀ yóò dúró dé ọ̀sẹ̀ kẹwàá kó tó lè ra ẹ̀rọ ìránṣọ ₦50,000, ṣùgbọ́n nínú èsúsú ẹni mẹ́wàá, mẹ́sàn-án ni yóò rà á ṣáájú ìgbà náà. Ìṣirò náà péye. Àmọ́ ọkàn ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ti bẹ̀rẹ̀, kò sì ṣàlàyé ìdí tí ẹni tó kàn fi máa ń fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí òkú kú fún tàbí tí owó ilé ìwé ọmọ ká mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí báńkì dé pẹ̀lú kò bá ti Geertz mu. Ní oṣù kìíní ọdún 1998, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà gba ìwé àṣẹ báńkì 26 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èsúsú kò bá wọn lọ. Ọdún 1982 ni a dá yunifásítì tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè sílẹ̀, ìlú náà sì kún fún olówó-oṣù. Bẹ́ẹ̀, káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, òṣìṣẹ́ tí báńkì ń san owó oṣù rẹ̀ náà ni ó ń bá ojúgbà rẹ̀ dá èsúsú níbi iṣẹ́. Lókè òkun, susu wà ní Trinidad, asue wà ní Bahamas, láàárín àwọn tí ẹnu ọ̀nà báńkì kò jìnnà sí.

Lára àwọn onítàn, A. G. Hopkins fi hàn lọ́dún 1973 pé ọjà àti èrò èrè kì í ṣe àjèjì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì tipa bẹ́ẹ̀ kọjú ìjà sí àwọn ọmọlẹ́yìn Karl Polanyi tó sọ pé ọjà wà lẹ́bàá ìgbé-ayé ni. Ó jàre wọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà, tí E. Adeniyi Oroge kọ nípa rẹ̀ ní 1985, kò ṣeé fi ọjà nìkan túmọ̀: iṣẹ́ ọwọ́ ìwọ̀fà ni èlé, orí owó dúró gbọn-in títí a ó fi san án, ẹbí méjì sì ti so mọ́ra. Sara Berry fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti 1975 bí àwọn àgbẹ̀ kòkó ṣe rí òṣìṣẹ́ àti ilẹ̀ nípasẹ̀ irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀, láìsí báńkì tó dá wọn lówó. Àwọn onímọ̀ nípa ojú ilẹ̀, pàápàá B. W. Hodder, ṣe iṣẹ́ lórí ọjà ọrọọrún: ìlú tó múlé gbera kì í ná ọjà lọ́jọ́ kan náà, kí oníṣòwò lè máa yí láti ọ̀kan dé èkejì.

Nínú ìmọ̀ èdè, George Zipf (1949) gbé gbogbo rẹ̀ lé ìdínkù agbára. André Martinet (1955) rí i jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹnu fẹ́ kó rọrùn, etí fẹ́ kó yé. Èdè Yorùbá jẹ́rìí Martinet. Ẹni tó rí igbá yóò sọ pé òun rígbá. Ẹni tó rí ìgbá, èso ọgbà náà, yóò pa fáwẹ́lì rẹ́ bákan náà, ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ orí fáwẹ́lì náà kò bá a lọ. Ó dúró síbẹ̀, ó ń fa ohùn tó tẹ̀ lé e wálẹ̀. Ètò ìkàye Yorùbá pẹ̀lú jẹ́rìí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé kíkúrú ni ètò yìí ń wá, àrúndínláàádọ́ta ì bá má rí bẹ́ẹ̀. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì CMS ní Ìjàyè, ti so ìkàye yìí mọ́ owó ẹyọ lọ́dún 1887: márùn-ún márùn-ún ni ọwọ́ ń fà á, títí yóò fi di ogún. Ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ 2,000, mẹ́wàá irú rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Ètò tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ lè jọ kà, tí ẹni tó gbà lè tún yẹ̀ wò, ni.

Ti igbó tún fojú hàn nítòsí. Carl Linnaeus ti kọ nípa ọrọ̀-ajé ìṣẹ̀dá lọ́dún 1749, níbi tí òkú nǹkan ti ń di oúnjẹ alààyè. Ìjọba ya igbó Ọmọ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú sọ́tọ̀ lọ́dún 1925, UNESCO sì fi í sínú ìwé tirẹ̀ lọ́dún 1977. Wọ́n gé apá kan rẹ̀, wọ́n sì gbin gmelina síbẹ̀ kí ilé iṣẹ́ bébà ní Ìwòpin lè rí igi lò. Lójú ẹni tó ń ka iye igi lórí ẹ́kítà, ìṣọ́lò tó dára ni: igi tó yára dàgbà, ní ìlà tó gún. Ilé iṣẹ́ náà kò ṣe bébà dé ìwọ̀n tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ, ìyípo igbó tí wọ́n gé kò sì sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tíì tó láti sọ pé ìyípo ló ṣáájú ìṣọ́lò nínú gbogbo ẹ̀ka ìmọ̀. Ó tó láti sọ pé ẹni tó bá fẹ́ fi ìṣọ́lò nìkan ṣàlàyé èsúsú, ìwọ̀fà, ọjà ọrọọrún àti igbó ní láti kọ́kọ́ yọ ohun tó mú wọn dúró kúrò nínú wọn.

Ibi tó yẹ kí ìwádìí kọjú sí báyìí ni Ogun Waterside, láti Àbígí dé etí ọ̀sà. Ní ọ̀pọ̀ èbúté Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, obìnrin tó ń ra ẹja ló máa ń dá owó àwọ̀n àti ẹ̀rọ ọkọ̀ fún apẹja. Apẹja a sì máa ta ẹja fún un títí gbèsè yóò fi tán, nígbà mìíràn ní iye tó dín sí ti ọjà. Ètò yìí kì í ṣe àjọ, kì í ṣe èsúsú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìwọ̀fà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fara jọ ọ́ ní ti pé èlé rẹ̀ wà nínú iṣẹ́. Ẹja tútù kì í dúró de iye owó tó dára, èyí ló fi yàtọ̀ sí kòkó àti pákó; iná àti ààrò ìyanja nìkan ló ń ra àkókò fún obìnrin náà. Ohun tí ìwádìí yóò tọ̀ lẹ́yìn ni gbèsè kan ṣoṣo, láti ọjọ́ tí a ra àwọ̀n, dé ọjọ́ tí àwọ̀n náà gbó: iye tí a dá, iye ẹja tó san án, ẹni tó sọ iye náà lójú omi, àti ibi tí obìnrin tó dá owó náà ti rí tirẹ̀, yálà nínú èsúsú, lọ́wọ́ alájọ, tàbí lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀ tó wà lókè ní Ìjẹ̀bú-Igbó.