Mödlareuth, Abúlé Etí Odò Tannbach: Ìtàn Ìṣẹ̀dálẹ̀ Rẹ̀ àti Odi Tí Ó Là Á sí Méjì

Ní ilẹ̀ Jámánì, ní àríwá ìlú Hof, níbi tí ilẹ̀ Bavaria ti parí tí ilẹ̀ Thuringia sì gbé bẹ̀rẹ̀, abúlé àwọn àgbẹ̀ kan wà láàrin àwọn òkè kéékèèké tí koríko bò, Mödlareuth ni orúkọ rẹ̀. Ènìyàn inú rẹ̀ kò ju bí 50 lọ. Kò ní ààfin, kò ní ọjà, bẹ́ẹ̀ ni kò bí ọba tàbí ọ̀gágun tí akéwì lè tìtorí rẹ̀ lu ìlù. Abà, pápá màlúù, oko ọkà, adágún omi kékeré kan, àti ìṣàn odò tí wọ́n ń pè ní Tannbach, ìwọ̀nba ohun tí Olódùmarè fi jíǹkí rẹ̀ nìyẹn. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ojú àwọn ará Jámánì rí láti ọdún 1945 títí di ọdún 1990, bí ó bá gbọ́ ìtàn abúlé yìí tán, ó ti gbọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Àwọn àgbẹ̀ ni ó tẹ̀ ẹ́ dó, àwọn tí ó fi àáké ṣán igbó kí wọn tó rí ilẹ̀ tí wọn yóò tu, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ abúlé tí ó yí i ká ti ṣe di abúlé. Wọ́n kọ́ ilé sí bèbè odò méjèèjì láìro nǹkan kan, nítorí odò náà kò fẹ̀ ju ohun tí ọkùnrin tí ara rẹ̀ dá ṣáká lè fò lọ. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ tí kò gbé ibẹ̀ ní ojú mìíràn tí wọ́n fi ń wo omi. Láyé ìgbà tí àwọn ọlọ́lá pọ̀ ní ilẹ̀ Jámánì bí ewé igi, bèbè kan wà lábẹ́ àwọn aládé Bayreuth, èkejì sì jẹ́ ti ìdílé Reuss. Nígbà tí Bayreuth bọ́ sí ọwọ́ ọba Bavaria ní ọdún 1810, wọ́n ri òkúta ààlà mọ́lẹ̀ ní etí Tannbach, wọ́n fín KB sí ojú kan fún ìjọba Bavaria, wọ́n sì fín FR sí ojú kejì fún ilẹ̀ Reuss.

Ẹ má ṣe rò pé òkúta wọ̀nyí da abúlé rú. Ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ọtí wà ní apá Thuringia, nítorí náà àwọn ọmọ apá Bavaria a máa sọdá lọ kàwé, àwọn baba wọn a sì sọdá lálẹ́ láti lọ mu ọtí ọkà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn. Nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi bá pé, gbogbo ilé a kọjú sí ìlú Töpen ní ilẹ̀ Bavaria, nítorí ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì wọn gbé wà. Bí ó bá jẹ́ pé akígbe wà ní ilẹ̀ wọn tí ó ń ki ìlú, báyìí ni ì bá máa ki Mödlareuth: ọmọ a-fẹsẹ̀-kan-fo-omi-ìjọba-méjì, ọmọ a-kàwé-ní-Thuringia-gbàdúrà-ní-Bavaria, ọmọ abà tí ó kọjú sí abà bí ìyàwó ilé méjì tí kò jà. Wọ́n fẹ́ ara wọn, wọ́n bímọ fún ara wọn, títí ó fi di pé kò sí ìdílé tí kò ní ẹbí ní òdìkejì. Ọba Bavaria lọ, àwọn aládé Reuss lọ, ilẹ̀ Reuss sì wọ inú Thuringia ní ọdún 1920. Òkúta dúró, ṣùgbọ́n kò ju ààlà ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ lọ.

Ogun àgbáyé kejì ni ó sọ ìlà tí a kò kà sí di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ dé ní oṣù Kẹrin ọdún 1945, ṣùgbọ́n nínú ìpín tí àwọn aṣẹ́gun ti pín Jámánì, Thuringia bọ́ sí ọwọ́ Rọ́ṣíà, Bavaria sì bọ́ sí ọwọ́ Amẹ́ríkà, ìpín náà sì gba àárín Mödlareuth kọjá lórí omi Tannbach. Ní ọdún 1949, ìlà náà di ààlà orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, Jámánì Ìlà-Oòrùn ní apá Thuringia, Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn ní apá Bavaria. Ẹni tí ó jí ní òwúrọ̀ tí ó ń wo fèrèsé ilé àbúrò ìyá rẹ̀ ń wo ilẹ̀ òkèèrè, bẹ́ẹ̀ sì ni kò tíì kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Títí di ọdún 1952, ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ ṣì ń sọdá. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún náà, ìjọba Ìlà-Oòrùn kéde òfin tuntun: kí a tu ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó mítà 10 ní gbogbo etí ààlà, kí ipa ẹsẹ̀ ẹni tí ó bá gbà á kọjá lè hàn, kí ìdábùú 500 mítà tí ó tẹ̀lé e wà lábẹ́ ìṣọ́ líle, kí ẹnikẹ́ni má sì wọ inú kìlómítà 5 láìgba àṣẹ. Gbogbo apá ìlà-oòrùn Mödlareuth ni ó bọ́ sínú ìdábùú 500 mítà yìí. Ní oṣù Kẹfà, wọ́n kó àwọn ìdílé tí ìjọba kò fọkàn tán ní ẹkùn ààlà lọ sí àárín ilẹ̀ pẹ̀lú ipá, ẹni tí ó sì gbọ́ ìró náà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fi ilé àti ẹran ọ̀sìn sílẹ̀, ó sọdá odò. Wọ́n fi pákó ṣe odi sí àárín abúlé. Ní apá ìlà-oòrùn, ilẹ̀ tí baba fi sílẹ̀ fún ọmọ di ti oko àjùmọ̀ní, nígbà tí àgbẹ̀ apá kejì ṣì ń tu ilẹ̀ tirẹ̀ bí ó ti wù ú. Àgbẹ̀ nìkan ni yóò mọ ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí a máa wo oko ẹlòmíràn tí ó ń so, kí a sì máa ro tiwa fún ìjọba.

Ní ọdún 1966, ọdún karùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ odi ìlú Berlin, wọ́n kó kọnkéré wá sí Mödlareuth. Odi tí wọ́n mọ gùn tó mítà 700, ó ga ju mítà 3 lọ, iná ń tàn sí i lóru, ẹ̀ṣọ́ sì ń wò ó láti orí ilé ìṣọ́. Gbogbo èyí nítorí abúlé tí ènìyàn rẹ̀ kò kún ilé ìsìn kan! Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ó ń ṣọ́ apá Bavaria sọ ọ́ ní Berlin Kékeré.

Àwọn baba wa ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ní Mödlareuth, ẹni tí ó wà ní ìlà-oòrùn kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ọ̀tún pàápàá júwe rẹ̀, nítorí òfin kà á léèwọ̀ láti juwọ́ sí ará òdìkejì tàbí láti kí i, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ ìyá ẹni. Ará apá Bavaria a juwọ́, ará ìlà-oòrùn a kọ ẹ̀yìn sí i bí ẹni tí kò rí i. Láti ọdún 1973, wọ́n gbà kí àwọn tí ó ń gbé etí ààlà ní ìwọ̀-oòrùn lọ kí àwọn ènìyàn wọn ní àwọn ìlú ìlà-oòrùn tí ó súnmọ́ wọn. Ṣùgbọ́n inú ìdábùú tí a kò gbọdọ̀ wọ̀ ni ìdajì Mödlareuth wà, nítorí náà ẹni tí ó lè rìn jìnnà dé ìlú mìíràn kò lè dé ẹnu ọ̀nà aládùúgbò rẹ̀. Ìkà ni èyí, n kò sì mọ orúkọ mìíràn tí ó yẹ ẹ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ó gun odi náà tí ó sì là. Ní ọdún 1973 yìí kan náà, ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún, awakọ̀ kan láti ìlà-oòrùn fi àkàbà ti odi, ó sì fò sí Bavaria. Ọdún 10 lẹ́yìn èyí, ní oṣù Kejì ọdún 1983, George Bush tí í ṣe igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà wá wo odi, ó dúró níwájú àwọn ará abúlé, ó ní ọmọ Mödlareuth ni òun náà.

Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Odi Berlin ṣí ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 1989, àwọn ará Mödlareuth sì bẹ̀rẹ̀ sí béèrè tiwọn. Oṣù kan gééré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá, wọ́n ṣí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan. Àwọn tí ó ti di arúgbó bí wọ́n ti ń wo ara wọn láti òkèèrè di ara wọn mú, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìbátan tí a bí sí àkókò odi rí ojú ara wọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 1990, ẹ̀rọ katapílà bẹ̀rẹ̀ sí wó odi náà.

Wọn kò wó gbogbo rẹ̀. Nínú ayọ̀ ọjọ́ náà, ó dájú pé ọ̀pọ̀ ni ì bá fẹ́ kí kọnkéré tí ó kẹ́yìn di ìyẹ̀pẹ̀, ẹni tí ó bá sì rò bẹ́ẹ̀ kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ní kí wọ́n dá nǹkan bíi mítà 100 sí ṣe ohun tí ó tọ́, nítorí ọmọ tí a bí lẹ́yìn ogun kì í gba ìtàn gbọ́ bí kò bá rí ojú ọgbẹ́. Ní ọdún 1990 náà ni wọ́n dá ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀. Àlejò tí ó bá lọ síbẹ̀ lónìí yóò rí odi tí ó kù, ilé ìṣọ́ àti ọgbà irin ní ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, yóò sì rí ọkọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ nínú abà.

Abúlé náà kò di ẹyọ kan nínú ìwé ìjọba. Apá kan ṣì wà lábẹ́ Töpen ní Bavaria, apá kejì lábẹ́ Gefell ní Thuringia. Olórí ìlú wọn jẹ́ méjì, nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ àti ti tẹlifóònù wọn kò bára mu, ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wọn kì í ṣe ọjọ́ kan náà, òfin ìpínlẹ̀ méjì ni wọ́n sì ń pa mọ́. Ilé àkójọ náà nìkan ni wọn kò pín: Töpen àti Gefell pẹ̀lú àwọn àgbègbè ìjọba Hof, Saale-Orla àti Vogtland ni ó para pọ̀ ń ná owó sí i tí wọ́n sì ń bójú tó o.